Ọ̀já Funfun tí Mo Rán, Ẹrẹ̀ tí Mo Fọ̀ Dànù

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Cedar Hill níbí, nítòsí Dallas, ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò lè dúró níwájú èèyàn kí n máa di máìkì mú, àmọ́ mo lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń lé. Ẹ máa lé e, mi ò dí yín lọ́wọ́. Bùsọ́lá ọmọ mi náà, nọ́ọ̀sì ni. Èmi ní tèmi, aránṣọ ni mí. Kì í ṣe ìró àti bùbá o. Aṣọ bọ́ọ̀lù ni, aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni mo fi ojú àti ẹ̀yìn mi sìn. Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà lẹ́nu mi, torí mi ò kọ èyí láti polówó ẹnikẹ́ni.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Làmídì. Aṣọ eré ìdárayá àwọn ilé ìwé ló ń rán. Bí mo ṣe débẹ̀ kò lọ títí. Ìyá mi mú mi lọ, Bàbá Làmídì bi mí bóyá mo lè jókòó pẹ́, mo ní mo lè jókòó, ó ní kí n jókòó. Ọdún kan gbáko ni mo sì fi jókòó, tí mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mò ń gbálẹ̀, mò ń de bọ́tìnnì, mò ń ṣa òwú tó já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó wá jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rán, ìyà tòótọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá Làmídì kì í pariwo, kì í sì í na èèyàn. Á kàn mú abẹ́rẹ́, á jókòó tì ẹ́, á máa tú gbogbo ohun tóo ti rán láti àárọ̀, díẹ̀díẹ̀, á wá gbé e lé ẹ lẹ́sẹ̀ pé ó yá. Ó máa ń wù mí kó kúkú gbá mi létí ká parí ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé aṣọ mọ́kànlá lọ fún ilé ìwé kan. Epo ẹ̀rọ ti kán sára ọ̀kan, bí orí èékánná báyìí. Mo rí i, mo ní ta ni yóò wo ibẹ̀. Olùkọ́ tó gbà á rí i, àmọ́ ó ní kò burú, kí n má wulẹ̀ ṣèyọnu, àwọn ọmọ náà ṣáà máa yí i nílẹ̀. Inú mi dùn, mo délé, mo rò ó fún ọ̀gá mi bí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n padà lọ gbé mọ́kọ̀ọ̀kànlá wá. Mo fọ gbogbo ẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, níṣojú àwọn oníbàárà tó jókòó. Ìgbà tí mo ṣe tán ló tó sọ̀rọ̀.

"Fólúkẹ́, aṣọ kankan ò gbọdọ̀ jáde níbí pẹ̀lú ìdọ̀tí. Tí àgbàlagbà bá ní kóo má ṣèyọnu, ṣe é. Ojú ló ń tì í tí kò fi ní kóo ṣe é."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni kọ́ mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹ̀, torí a ṣì máa padà síbẹ̀.

Adéolú ọkọ mi, tí gbogbo yín mọ̀ sí Bàbá Bùsọ́lá, ló gbé mi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó lọ kàwé. Ìlú kékeré kan ni, ìlú àwọn ahunṣọ, òjò kì í dá níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ aránṣọ kan wà nítòsí ilé wa, wọ́n ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ lò, mo wọlé, wọ́n dán mi wò, wọ́n gbà mí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán aṣọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú náà. Pupa ni aṣọ ọ̀hún, pupa bí obì, ọ̀já funfun kan sì gba èjìká òsì sọdá àyà wá sí ìbàdí ọ̀tún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní ọ̀já tí wọ́n fi ń pọnmọ ni àwọn èèyàn yìí gbé kọ́rùn.

Doris ni orúkọ ẹni tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́. Obìnrin kúkurú ni, ó dàgbà ju ìyá mi lọ, kì í sì í dá èèyàn lóhùn kó tó mu tíì àárọ̀. Òun nìkan ló ń pinnu ẹni tó lè rán ọ̀já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rán ọ̀já sára àkísà, èmi tí mo ti gba fíríìdọ̀mù ní Ìbàdàn, tí mo ti ní ọmọ iṣẹ́ tèmi. Doris á dijú, á fi àtàǹpàkò tọ ojú ìrán náà láti èjìká dé ìbàdí. Tó bá kan ibi tó wú bíńtín, á ju àkísà náà padà sí mi. Mo ní nínú ara mi pé Bàbá Làmídì ló tẹ̀ lé mi wá yìí, ó kàn pa àwọ̀ dà ni. Nígbà tí ó wá fi àtàǹpàkò tọ tèmi tí kò kan nǹkan kan, ó la ojú, ó fún mi ní òwú búlúù kan. Aránṣọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní àwọ̀ òwú tiẹ̀, tó fi ń ta kókó kékeré sínú ìṣẹ́tí aṣọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí. Búlúù di tèmi lọ́jọ́ náà, mo sì sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Doris náà ló sọ ìtàn ọ̀já yẹn fún mi. Ó ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin ahunṣọ tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Wọn ò ní aṣọ. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn fún wọn ní aṣọ pupa tó ṣẹ́ kù, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rà, kò sì tó. Àwọn ìyàwó wọn bá ń já a pọ̀, ojú ìjápọ̀ náà wá gba àárín àyà gbogbo wọn, ó burẹ́wà. Ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bá gé aṣọ tábìlì funfun sí tẹ́ẹ́rẹ́, ó rán an bo ojú àbùkù náà. Nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ jáde, àwọn ará ìlú kejì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi ń mú inú dání. Àwọn ọmọ àwọn tó wọ̀ ọ́ ló wá sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń búra. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí èmi náà ti fi aṣọ bo àìtó rí.

Mo rán ọ̀já yẹn fún ọdún púpọ̀. Mo bá a nígbà tó jẹ́ aṣọ òwú tó nípọn, tó bá ti gba òjò á wúwo bí aṣọ òfì. Ó di náílọ́nù tó ń dán, tó máa ń yọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n yọ kọ́là, wọ́n dá a padà, wọ́n tún yọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń fún wọn lówó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí àyà, ọ̀já sì ń dí orúkọ náà lọ́wọ́. Ọdún kan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ ọ̀já kúrò pátápátá. Háà, ẹ ò rí àwọn Òyìnbó lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi báńdéèjì àti aṣọ ìbùsùn so àyà wọn lórí aṣọ òtútù, wọ́n kún pápá bámúbámú. Bàbá Bùsọ́lá wà láàárín wọn, ó ti fa aṣọ ìbùsùn mi ya kí n tó jí. Èmi àti òun nìkan ni adúláwọ̀ nínú gbogbo ibi tí a jókòó sí, òtútù sì ń pa wá, àmọ́ ọkọ mi ń kọrin bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Wọ́n dá ọ̀já padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí àwọn olówó yẹn ò lè pa, ẹ̀rọ ló padà pa á. Ẹ̀rọ kan dé tó ń tẹ ọ̀já sára aṣọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún Doris pé kó wò ó. Ó dijú bó ṣe máa ń ṣe, ó fi àtàǹpàkò tọ ọ́ láti èjìká dé ìbàdí, ó sì la ojú. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ló wí. Wọ́n rò pé ó ń yìn ín ni. Wọn ò pẹ́ kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ wa pa. Doris gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sílé nínú báàgì tó fi ń gbé tíì wá síbi iṣẹ́, mo sì gbọ́ pé kò lò tó ọdún méjì láyé lẹ́yìn náà. Ó dùn mí pé mi ò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, torí a ti kó wá sí Dallas nígbà yẹn, iṣẹ́ Bàbá Bùsọ́lá ló gbé wa wá.

Níbí, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Aṣọ kúáyà ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe, àti ṣòkòtò tó gùn jù. Bùsọ́lá ló ya fọ́tò aṣọ bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan tí mo lẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ránṣẹ́ sí mi nìyẹn, láti ibi tí mi ò mọ̀ rí, àwọn tó ń tọ́jú aṣọ bọ́ọ̀lù àtijọ́ bí ẹni ń tọ́jú ìwé ilé. Mo ń lẹ̀ ẹ́, mo ń rán báàjì padà, mo ń yọ àbàwọ́n ogún ọdún. Mo mọ àbàwọ́n yọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi ní gbogbo Texas, mo lè sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wọlé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Margaret ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló mú un wá sí Addison, nítòsí wa níbí, láti máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó tú báàgì kan, ó yọ aṣọ kan síta, pupa bí obì ni, ọ̀já funfun sì wà níbẹ̀. Mo yí ìṣẹ́tí rẹ̀ wò. Kókó búlúù ni mo rí. Ọwọ́ èmi fúnra mi ló rán aṣọ náà, ní ìlú kan tó wà lódìkejì òkun, kí irun mi tó funfun. Mo fi hàn án, àwa méjèèjì di ara wa mú, a ń sunkún a ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀já náà ti já ní èjìká. Ẹrẹ̀ tó ti gbẹ sì bo gbogbo iwájú aṣọ, ọ̀já ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ funfun mọ́.

Màmá Margaret ní òun kàn fẹ́ kí n rán ọ̀já náà padà. Ó ní kí n má ṣe wàhálà kankan kọjá ìyẹn. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí àgbàlagbà bá wá sílé yín, tó ní kí ẹ má dáná fún òun, ṣé ẹ kì í dáná? Mo gbọ́ ohùn Bàbá Làmídì ketekete. Mo ní ojú ló ń ti màmá yìí. Yàtọ̀ síyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo sì fẹ́ kó padà sọ́dọ̀ rẹ̀ bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo rẹ ẹ́ sínú omi. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́, kí àwọ̀ pupa má baà ràn mọ́ funfun. Omi náà dúdú bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, mo sì gbé e lọ dà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo rán ọ̀já náà, mo fi àtàǹpàkò tọ ọ́ pẹ̀lú ojú dídì. Mo lọ̀ ọ́. Kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe rí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ pe Bàbá Bùsọ́lá lórí fóònù pé kó wá wò ó.

Nígbà tí Màmá Margaret padà wá, mo nà án sókè fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wò ó. Ó yí i padà. Ó yí iwájú síta lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń fi ọwọ́ pa ibi àyà.

"Ẹrẹ̀ yẹn ńkọ́?" ó bi mí.

Mo ní mo ti yọ gbogbo ẹ̀. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn. Frank ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ní pápá àtijọ́ ẹgbẹ́ náà, òjò ń rọ̀, gbogbo èrò sáré wọ inú pápá láti dágbére fún pápá náà. Frank dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dì mọ́ ilẹ̀ náà. Àárín èrò yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ti gbé e dìde. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ aṣọ ọ̀hún. Wọ́n wó pápá náà, wọ́n kọ́ ibi ìtajà sórí ẹ̀. Sàréè Frank wà lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó ń dé ibẹ̀ mọ́. Ẹrẹ̀ àyà aṣọ yẹn ni gbogbo ohun Frank tó bá a wọ bàálù wá sí Amẹ́ríkà.

"Ogún ọdún ni mo fi ń bá a jà pé kó jẹ́ kí n fọ̀ ọ́," ó ní.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà á, kò tíì rí àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún un rí, ó ń sọ pé kí n dìde nítorí orúnkún mi. Mi ò dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tán, mo bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá. Kò bú mi. Kò gbé ohùn sókè. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Ó kàn béèrè ibi tí mo da omi náà sí.

A jọ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán bí ilẹ̀ Dallas ṣe máa ń sán lásìkò ooru, koríko ibẹ̀ kò tó nǹkan. Mo nawọ́ sí ibẹ̀. Ó di aṣọ mímọ́ náà mú sí àyà.

"Frank ò fẹ́ràn ooru rí láyé rẹ̀," ó ní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa mọ́. Tí aṣọ bá dé, mo máa ń wo àbàwọ́n ara rẹ̀, mi ò ní lè rẹ ẹ́ sínú omi. Mo ń pe àwọn oníbàárà lórí fóònù, mo ń bi wọ́n pé ta ló wọ̀ ọ́, kí ló kán sí i. Wọ́n rò pé orí mi ti ń dàrú. Kí ọdún náà tó parí, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bàbá Bùsọ́lá nìkan ni kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní Bàbá Làmídì ò ṣì mí lọ́nà, èmi ni mi ò béèrè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni.

Ẹ mọ Bàbá Bùsọ́lá, ẹ mọ̀ pé gbogbo àárọ̀ Sátidé ló máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà wo bọ́ọ̀lù, tí ó máa ń jẹ iṣu àti epo níwájú tẹlifísọ̀n. Sátidé ìkẹyìn tó lò láyé, ó ń bá adájọ́ bọ́ọ̀lù jà, epo sì kán sára ọ̀já funfun. Mo pariwo lé e lórí. Mo ní ọkùnrin yìí, ọjọ́ wo lo máa mọ oúnjẹ ẹ́ jẹ. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n fọn fèrè ná, òun á bọ́ ọ fún mi. Ó bọ́ ọ lóòótọ́, ó jù ú sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ Túsìdé, ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró níbi iṣẹ́. Ohun tí mo sọ fún un kẹ́yìn nípa aṣọ yẹn, èébú ni.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń wá kí wa, Bùsọ́lá ń kó aṣọ inú agbọ̀n lọ síbi ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo gbọ́ ìró ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Mo já aṣọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbá a mọ́ra. Ọmọ náà ń wò mí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé Mọ́mì, kí ló dé. Mo gbé aṣọ náà lọ sínú yàrá mi.

Ọjọ́ kẹta sí i ni Màmá Margaret dé láti Addison, ọmọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e wá. Ó jókòó tì mí lórí àga. Nígbà tó yá, ó béèrè aṣọ Adéolú. Mo gbé e wá. Ọ̀já náà ti ń tú ní èjìká òsì, mi ò rí i tẹ́lẹ̀, èmi tí mo ń pe ara mi ní aránṣọ. Mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú funfun. Màmá Margaret fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá mi na ọ̀já náà kó lè tọ́, mo sì rán an, díẹ̀díẹ̀, ojú mi ń da omi sórí ẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo dijú, mo fi àtàǹpàkò tọ ọ́ láti èjìká wá, títí mo fi dé ibi tí epo kán sí. Ibẹ̀ le díẹ̀. Mo dúró níbẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí o fẹ́ ṣe sí i?" Màmá Margaret bi mí.

Mo ní kò sí. Mo ní ọ̀já náà nìkan ni.